Omi Tó Tòrò, Omi Tó Mọ́

“Omi mi mọ́ gaara, kí ló dé tí iyùn mi kò dàgbà?” Ìbéèrè àwọn tó ń sin iyùn ààyè nínú àpótí gíláàsì kékeré nílé nìyí. Kí á tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká yẹ gbólóhùn náà wò, nítorí inú rẹ̀ ni àṣìṣe wà. Omi tí wọ́n ń wí lè má mọ́ rárá. Ó kàn tòrò ni.

Etíkun Ìlàjẹ ni ìyàtọ̀ yìí ti hàn jù. Ẹ lọ sí Zion Pepe, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kí ẹ bu omi sínú ìgò. Ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀, kì í ṣe iyanrìn bíi ti Èkó, nítorí náà omi yín yóò pọ́n. Omi náà rú nìyẹn. Ẹ gbé ìgò kalẹ̀ di ọjọ́ kejì: ẹrẹ̀ ti rì sí ìdí rẹ̀, omi òkè sì ti ń jẹ́ kí ẹ rí ìka ọwọ́ yín láti òdìkejì. Ó ti tòrò. Ṣùgbọ́n ohun tó ti yòrò sínú omi kì í rì bí ẹrẹ̀. Iyọ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìdọ̀tí tí ojú kò lè rí náà sì lè wà níbẹ̀. ‘Tòrò’ ń sọ ohun tí ojú rí. ‘Mọ́’ ń sọ ohun tó wà nínú omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Bí ìjà bá parí, a ní ìlú tòrò. Kò túmọ̀ sí pé inú gbogbo wọn ti mọ́ sí ara wọn. Àwọn tó tẹ Ayétòrò dó ní etíkun Ìlàjẹ kan náà lọ́dún 1947 kò ṣi orúkọ fún ìlú wọn: ayé tí rúkèrúdò rẹ̀ ti rọlẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Ẹ tún kíyè sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí àmì ohùn nìkan yà sọ́tọ̀: rú, ru, rù. Omi tí ẹrẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ti rú. Òkun tó ń gbé ara rẹ̀ sókè ń ru. Ẹran tí kò rí oúnjẹ jẹ rù. Ẹni tó bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i ti da ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìtàn iyùn wà nínú wọn. Àwọn ohun tíntìntín tó ń gbé inú ẹran ara ọ̀pọ̀ iyùn a máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún wọn. Bí omi bá rú, ìmọ́lẹ̀ kò ní wọlé, irú iyùn bẹ́ẹ̀ á sì rù. Ọ̀kan lára ìdí nìyí tí kò fi sí àpáta iyùn létíkun Ìlàjẹ, níbi tí ẹrẹ̀ àti omi odò ti ń pàdé òkun, tí iyùn sì wà ní erékùṣù São Tomé àti Príncipe. Nínú àpótí, omi gbọ́dọ̀ máa ru díẹ̀, kó má rú.

Ní ti ìdàgbà, ẹ má sọ pé iyùn ‘hù’, ẹ má sì sọ pé ẹ ‘gbìn’ ín. Ẹran omi ni. A ń sìn ín ni, ó sì ń dàgbà. Ẹ tún ya ‘kò dàgbà’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘kò tètè dàgbà’. Iyùn pupa ọrùn ọba, tí wọ́n ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà, kì í sanra tó mílímítà kan lọ́dún. Àwọn ẹ̀yà ẹlẹ́ka kan tí a ń sìn nílé sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sí i lọ́dún. Ẹ má fi ẹ̀yà kan wọn èkejì.

Bó bá wá dájú pé iyùn yín dúró sójú kan, ẹ wọn omi. Kálísíọ̀mù tó fi ń mọ egungun rẹ̀ yẹ kó wà láàárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan. Iyọ̀ yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú kílógíráàmù omi kan. Ooru, 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wo fọ́síféètì pẹ̀lú, èyí tó ń ti ara àjẹkù oúnjẹ ẹja wá, tí kì í jẹ́ kí egungun iyùn le. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́síféètì ṣe ń kó jọ sínú omi tó tòrò minimini. Ẹ rántí pé omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ. Bí omi bá fà, omi tí kò níyọ̀ ni kí ẹ fi dí i.

Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. ‘Ẹ̀sọ̀’ kì í ṣe ‘sùúrù’: ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ló ni ẹ̀sọ̀, ọkàn tó ń dúró ló ni sùúrù. Ẹ fi ẹ̀sọ̀ tún omi ṣe, kí ẹ fi sùúrù dúró de iyùn.