Ọ́ìlì ń jò lára mọ́tò yín? Ẹ wá orísun rẹ̀ kí ẹ tó náwó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí iná kò bá tán lára aṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ mọ́tò tó ti dàgbà tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀. Bí a kò bá rí ibi tí ọ́ìlì ti ń jáde gan-an, a ó kàn máa ra ọ́ìlì, a ó máa sanwó iṣẹ́ fún mẹkáníìkì ni, ọ́ìlì kò sì ní í yéé kán sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, Lánlátẹ̀ àti Tápà, mọ́tò kì í ṣe ohun afẹ́ fún oníṣòwò. Òun ló ń kó gàrí àti láfún lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, òun náà ló ń kó ọjà mìíràn bọ̀. Tòkúnbọ̀ tó ti rin ìrìn àjò púpọ̀ lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí mọ́tò bá dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, èrè ọjọ́ náà ti wọmi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá oníṣòwò gàrí kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní Toyota Corolla 2004 ló fi ń kó ẹrù. Láràárọ̀ ló ń bá ọ́ìlì nílẹ̀, lábẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé jíà. Mẹkáníìkì yọjú wo abẹ́ mọ́tò lẹ́ẹ̀kan, ó ní: "Màmá, ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ló ti lọ. A máa sọ jíà kalẹ̀ ni." Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé òkè lọ́hùn-ún, lábẹ́ ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ni ọ́ìlì ti ń jáde, tó sì ń ṣàn gba ara ẹ́ńjìnnì wá sílẹ̀. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sọ jíà kalẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ síìlì, màmá á sanwó, ọ́ìlì á sì tún máa kán lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì kì í gbà ju wákàtí díẹ̀ lọ láti pààrọ̀.

Ohun tó yẹ ká fi sọ́kàn ni pé ibi tí ọ́ìlì ti ń kán sílẹ̀ kọ́ ni ibi tó ti ń jò. Ọ́ìlì máa ń ṣàn wálẹ̀, atẹ́gùn tó ń fẹ́ nígbà tí mọ́tò bá ń sáré á sì tún gbé e lọ sẹ́yìn. Nítorí náà, òkè àti iwájú la ti ń wá a, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

ṢÉ Ọ́ÌLÌ Ẹ́ŃJÌNNÌ NI?

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ mọ́tò mọ́jú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí kó dúdú. Ọ́ìlì jíà ọtomátíìkì sábà máa ń pupa. Omi rẹdiétọ̀ lè ní àwọ̀ ewé tàbí pupa, ṣùgbọ́n kì í yọ̀ bí ọ́ìlì. Omi tó mọ́ lóló, omi éásíì lásán ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa géèjì ọ́ìlì wò láràárọ̀, kí mọ́tò wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, ó tó lítà kan láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀. Lítà 3.7 péré ni ẹ́ńjìnnì Corolla 2004 tí a mẹ́nu bà yẹn ń gbà pẹ̀lú fítà rẹ̀. Bí ìlàrin lítà bá ń lọ lọ́sẹ̀ kan, ó ti lé ní ìdá mẹ́rin ọ́ìlì náà tó ti lọ lóṣù kan. Bí ọ́ìlì bá ń dínkù tí páálí kò sì rí nǹkan kan, ẹ wo èéfín ẹ̀yìn. Bí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìnnì ló ń jó ọ́ìlì náà, ọ̀rọ̀ mìíràn sì nìyẹn.

Ẹ FỌ̀ Ọ́ KÍ Ẹ TÓ WÒ Ó

Kò sẹ́ni tó lè rí orísun ọ́ìlì lára ẹ́ńjìnnì tí ọ̀rá àti eruku ọdún márùn-ún ti bò. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ fi ọ̀rá bo ọ̀tánétọ̀ àti àwọn wáyà, kí ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróòlù fọ ẹ́ńjìnnì o! Iná kan péré ti tó láti jó mọ́tò àti ẹni tó ń fọ̀ ọ́.

Bó bá ti gbẹ, ẹ wa mọ́tò fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ pa á, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wò ó láti òkè wá sílẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ bu páúdà funfun díẹ̀ sí ibi tí ẹ fura sí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù tó sì gbẹ, kí ẹ tún wà á. Ibi tí páúdà bá ti kọ́kọ́ rin, ibẹ̀ ni olè wà.

ÀWỌN IBI TÍ Ẹ Ó WÒ, LÁTI ÒKÈ WÁ SÍLẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ìdérí ibi tí a ti ń bu ọ́ìlì, lẹ́yìn náà gásíkẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì yípo. Lára Corolla àsìkò yẹn, ẹ má gbàgbé rọ́bà róbótó tó wà nídìí téńṣánà ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo ọ́ìlì súwíìṣì, kí ẹ sì wo fítà. Nígbà mìíràn, rọ́bà fítà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á sì de fítà tuntun lé e lórí. Rọ́bà méjì kò lè jókòó pọ̀, ọ́ìlì á máa ṣọ̀ ni. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ àti síìlì iwájú. Síìlì ẹ̀yìn ló yẹ kó gbẹ̀yìn, torí òun ni owó iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé. Ẹ́ńjìnnì máa ń mí bí èèyàn. Fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí ọ̀rá bá dí i, afẹ́fẹ́ náà á máa ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde, kódà bí síìlì náà jẹ́ tuntun. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n mì í. Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò Toyota, ó yẹ kó máa dún kẹ́kẹ́kẹ́. Bí kò bá dún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan síìlì kankan.

Ohun tó máa ń dí ọ̀nà èémí yìí ni ọ́ìlì tó pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì tó sì di ẹrẹ̀. Ní ọdún 2002, ilé iṣẹ́ Toyota kéde ètò ìrànwọ́ ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ọ́ìlì di ẹrẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì àwọn mọ́tò kan tí wọ́n ṣe láàárín 1997 sí 2002, tí Camry àti Sienna wà lára wọn. Irú àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wa bíi tòkúnbọ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí àsìkò pípààrọ̀ ọ́ìlì kọjá.

KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ojú ibi tó ti ń jáde hàn mí." Ẹni tó bá mọṣẹ́ kò ní í bínú. Ẹ má sì gbà kí wọ́n rọ gọ́ọ̀mù sílíkónì sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá ya wọ inú lè lọ dí asẹ́ ọ́ìlì, ẹ́ńjìnnì odindi á sì lọ sí i.

Kì í ṣe gbogbo jíjò ló yẹ kó dá ọjà dúró. Bó bá jẹ́ ẹ̀kán kan tàbí méjì mọ́jú, ẹ máa wo géèjì, ẹ máa bu ọ́ìlì kún un, kí ẹ sì máa tọ́jú owó àtúnṣe pamọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ń kán sórí páìpù èéfín tó gbóná, tàbí tí ẹ ń gbóòórùn ọ́ìlì tó ń jó, ẹ tètè tún un ṣe, nítorí iná lè ṣẹ́ yọ. Bí iná pupa ọ́ìlì bá sì tàn níwájú yín lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́kọ́ dé Èrúwà. Owó lítà ọ́ìlì méjì kò lè dọ́gba pẹ̀lú owó ẹ́ńjìnnì láéláé.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Páálí kan, ọṣẹ díẹ̀, páúdà àti tọ́ọ̀ṣì ni ohun èlò tí ẹ nílò láti mú olè yìí. Kí èrè gàrí yín má bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, àṣẹ.