ÌTÀN INÚ FÍÌMÙ ÀTI ÌTUMỌ̀ AYÉ ỌMỌ ÈNÌYÀN

Nínú ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí, ìbéèrè kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bi wá ní ilé-kéwú ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ó ní: "Áfà, ẹ̀yin lẹ ní irọ́ kò dára. Fíìmù tí wọ́n jókòó rò, tí kò ṣẹlẹ̀ rí, ṣé irọ́ kọ́ ni? Kí ni onílàákàyè fẹ́ rí kọ́ níbẹ̀?" Ìdáhùn kánmọ́kánmọ́ ni a fún un lọ́jọ́ náà, a sì rí i lójú rẹ̀ pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Gbèsè ìdáhùn yẹn ni a fẹ́ san lónìí.

Ṣé irọ́ ni ìtàn àròsọ?

Irọ́ ni kí ènìyàn sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ó sì fẹ́ kí ẹni tí ń gbọ́ ọ gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń pa àlọ́, kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìjàpá kì í sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ojúkòkòrò tí ìyá àgbà ń wí kì í ṣe ti ìjàpá, tiwa ni.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí àtijọ́ náà lo ọ̀nà yìí. Ibn Tufayl, oníṣègùn àti onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Andalúsíà tí ó kú ní 1185, kọ ìtàn Hayy ibn Yaqzan, ọmọ kan tí àgbọ̀nrín tọ́ dàgbà ní erékùṣù tí kò sí ènìyàn. Nígbà tí àgbọ̀nrín náà kú, ọmọ yìí la àyà rẹ̀, ó ń wá ohun tí ó kúrò lára ìyá tí kò jẹ́ kí ó dá òun lóhùn mọ́. Láti ibẹ̀ ni ìrònú rẹ̀ ti dé orí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá. Ẹni tí ó bá ka ìtàn náà yóò bá ọmọ yẹn wá ìdáhùn ni. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé ìdáhùn lé e lọ́wọ́. Ohun tí fíìmù tí ó dára ń ṣe náà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ikú

Nínú ìmọ̀ mantiq, a máa ń kọ́ yín pé: gbogbo ènìyàn ni yóò kú, Sùlè jẹ́ ènìyàn, nítorí náà, Sùlè yóò kú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ìmọ̀ yìí ti yí bí ó ṣe ń lo ọjọ́ òní padà?

Akira Kurosawa, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànù, ṣe fíìmù kan ní 1952 tí ó pè ní Ikiru, èyí tí ó túmọ̀ sí "láti wà láàyè". Watanabe inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, òǹtẹ̀ ni ó ń lù sórí ìwé. Àwọn ìyá kan mú ẹ̀bẹ̀ wá pé kí wọ́n bá àwọn gbẹ omi ìdọ̀tí tó wà ládùúgbò àwọn, kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe pápá ìṣeré ọmọdé. Ọ́fíìsì yìí ń tì wọ́n sí tọ̀hún, tọ̀hún ń tì wọ́n sí òmíràn, títí wọ́n fi padà dé ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Watanabe wá mọ̀ pé jẹjẹrẹ inú ikùn ló ń ṣe òun. Ó kọ́kọ́ sá lọ sí ilé ọtí àti ilé ijó; kò rí ìsinmi níbẹ̀. Ó wá ń tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó fi ọ́fíìsì wọn sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ó fẹ́ mọ ohun tí ń mú inú rẹ̀ dùn. Ìdáhùn ọmọbìnrin náà ni pé òun ń ṣe ohun tí àwọn ọmọdé ń fi yọ̀. Ojú Watanabe là. Ó padà lọ wá ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ìyá yẹn, ó sì fi oṣù díẹ̀ tí ó kù ún kù bẹ̀bẹ̀ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì títí pápá náà fi di ṣíṣe. Níbẹ̀ ni ó kú sí. Níbi ọ̀fọ̀ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sunkún, wọ́n búra pé àwọn yóò ṣe bíi tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ẹnu iṣẹ́, ìwà àtijọ́ ni wọ́n tún ń hù.

Nígbà tí a wo fíìmù yìí tán, ojú tì wá. Lẹ́tà òbí kan wà lórí tábìlì wa tí a kò dáhùn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wáàsí tí a ti ṣe lórí ikú kò kéré, kò sì sí ọ̀kan tí ó mú wa fọwọ́ kan lẹ́tà náà. Òǹtẹ̀ Watanabe ló mú wa dáhùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ kejì: Òtítọ́ àti ẹ̀rí

Kurosawa kan náà ló ṣe Rashomon ní 1950. Wọ́n pa ọkùnrin kan sínú igbó. Ọlọ́ṣà sọ tirẹ̀, aya òkú sọ tirẹ̀, òkú pàápàá gba ẹnu abókùúsọ̀rọ̀ sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Ìyanu ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ń ti ikú náà sí ẹlòmíràn lọ́rùn. Kálukú ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Kí ni wọ́n ń dáàbò bò nígbà náà? Iyì ara wọn ni. Agégi tí a rò pé kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀ náà fi nǹkan pamọ́.

Kì í ṣe pé òtítọ́ kò sí. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìfẹ́ ara ẹni lè dúró láàárín ènìyàn àti òtítọ́, kódà nígbà tí ìjìyà kò bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Rashomon fi kún un pé ẹni tí ó gbọ́ ẹnu mẹ́rin pàápàá ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Ìdí nìyí tí àlùkáádì fi gbọ́dọ̀ wádìí ìwà ẹlẹ́rìí kí ó tó gba ẹ̀rí rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kí á wò ó

Kì í ṣe gbogbo fíìmù ló rí báyìí. Ọ̀pọ̀ ló wà tó jẹ́ pé àkókò nìkan ni wọ́n ń jẹ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé fíìmù kì í ṣe ẹ̀rí: orin dídùn àti àwòrán tó rẹwà lè mú kí ìwà búburú dà bí ohun rere. Ìbéèrè ni fíìmù ń gbé dìde. Làákàyè àti ìmọ̀ ni yóò wọn ìdáhùn. Nítorí náà, ẹ máa bi ara yín ní nǹkan mẹ́ta: Kí ni ẹni yìí kà sí pàtàkì jù láyé? Kí ni ó ná an? Bí ó bá jẹ́ èmi ni, kí ni ǹ bá ṣe?

Fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Kí ló dé tí àwọn òṣìṣẹ́ Watanabe fi gbàgbé ìbúra wọn?
2. Ẹ wo Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993, níbi tí àwọn kan ti ta ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn. Ẹ lo ìbéèrè mẹ́ta òkè yìí fún un.
3. Kí ni ó wà lórí tábìlì tìrẹ tí o kò tíì dáhùn?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí yóò ṣe wá láǹfààní. Àmín.