BÍ ÌDÁJỌ́ KÒ BÁ TẸ́ WA LỌ́RÙN

Ẹ̀kọ́ wa tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ẹjọ́ ọ̀daràn. Bí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Nàìjíríà bá dá ọmọ wa lẹ́bi, ọ̀rọ̀ ò tíì parí. Òfin fún un láyè láti lọ sí Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré ni, láti ọjọ́ ìdájọ́. Ti kóòtù májísíréètì kì í tó bẹ́ẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga la ń gbé e lọ.

Ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń sọ pé "a mọ adájọ́" máa gba owó ọjà yín títí ọjọ́ á fi kọjá. Ẹ tètè béèrè ẹ̀dà ìwé ìdájọ́; ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n fún wa láàárín ọjọ́ 7. Kí ẹ sì wá lọ́yà. Ẹni tí kò lówó, kó lọ sí Legal Aid Council tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976.

Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Ibi tí adájọ́ ti ṣì í la ó tọ́ka sí. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n inú kóòtù gan-an ni kó ti sọ pé òun ò gbọ́. Bó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀, ká má tíì jó o. Àwọn ẹlẹ́rìí á tún wá. Wọ́n lè dá a láre, wọ́n sì lè tún dá a lẹ́bi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọjọ́ bí ẹ ṣe ń ka owó àjọ.