Ìbẹ̀rù Ojú Ènìyàn àti Àìgúnrégé Ìwà: Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Olùkọ́



Ní Ìkòyí níhìn-ín, àti ní Ìkirè àti Àpòmù tí ó múlé tì wá, kíkí ni a fi ń mọ ọmọ tí a kọ́. Ẹni tí ó bá kọjá lọ́dọ̀ àgbà láìkí i, a ó ní agbéraga ni. Ẹni tí a ní kí ó wá ka ẹ̀kọ́ kìíní nínú ìsìn, tí ó sì kọ̀, a ó ní aláìgbọràn ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wádìí kí a tó dájọ́, nítorí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè jọ ọ̀kan ṣoṣo lójú ẹni tí ń wò láti òkèèrè.

Èkíní ni ìtìjú. Èyí kì í ṣe àrùn. Ọmọ tí ojú ń tì níwájú àlejò, bí ó bá pẹ́ díẹ̀, ara rẹ̀ yóò balẹ̀, yóò sì sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ìbẹ̀rù ojú ènìyàn. Àrùn ni èyí. Ẹni tí ó ní i a máa bẹ̀rù pé àwọn tí ń wo òun yóò fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, tàbí kí ó jẹun lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, àyà rẹ̀ a máa lù kì-kì-kì, òógùn a bò ó, ọwọ́ rẹ̀ a sì máa gbọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀rù náà pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, ṣùgbọ́n kò lè borí rẹ̀. Ìgbà èwe ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti tó oṣù 6 tí ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, àwọn dókítà a kà á sí àrùn. Ní ọdún 1966 ni Isaac Marks àti Michael Gelder ní London yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀rù mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe wí pé àrùn òyìnbó ni: nínú ìwádìí láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, tí a tẹ̀ jáde ní 2009, nǹkan bí 9 nínú 100 ni ó ti ní i rí.

Ẹ̀kẹta ni àìgúnrégé ìwà. Kì í ṣe ẹ̀rù àwùjọ nìkan ni èyí. Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ro ara rẹ̀ àti ọmọnìkejì rẹ̀ ni kò tọ́. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń hàn, kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Ó ń hàn nílé, níbi iṣẹ́, àti láàrin ọ̀rẹ́. Ẹnìkan a máa fura sí gbogbo ènìyàn; ẹlòmíràn a máa rẹ́ni jẹ láìkábàámọ̀; ìfẹ́ àti ìbínú ẹlòmíràn a máa yí padà láàrin ọjọ́ kan. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ ẹgbẹ́ rárá, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń bẹ̀rù ojú ènìyàn ń fẹ́ ẹgbẹ́ gidigidi, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí ó sún mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ní àìgúnrégé ìwà kò sì gbà pé àwọn ń ṣàìsàn. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń dá lẹ́bi.

Síbẹ̀ ibì kan wà tí méjèèjì ti pàdé. Irú àìgúnrégé ìwà kan wà tí ènìyàn fi ń ka ara rẹ̀ sí aláìníláárí, tí kò sì ní bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀rẹ́ àfi bí ó bá dá a lójú pé wọn yóò fẹ́ràn òun. Èyí àti ìbẹ̀rù ojú ènìyàn lè wà lára ẹnìkan náà, àwọn dókítà pàápàá sì ń jiyàn lórí ààlà wọn. Nítorí náà, kí á má ṣe jókòó nílé kí á máa sọ àrùn lórúkọ.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì nítorí ìtọ́jú. Ẹni tí ń bẹ̀rù lè sàn láàrin oṣù díẹ̀, bí a bá ń bá a sọ̀rọ̀, tí a sì ń mú un rìn díẹ̀díẹ̀: lónìí kí ó kí aládùúgbò kan, lọ́la kí ó sọ̀rọ̀ láàrin ènìyàn mẹ́ta. Dókítà lè fún un ní oògùn pẹ̀lú. Ti àìgúnrégé ìwà a máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oògùn kan tí ń wò ó sàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú onísùúrù ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ má ṣe fi ipá ti ọmọ tí ń bẹ̀rù síwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ má sì ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ ṣọ́ ọ pẹ̀lú kí ó má baà máa fi ọtí wá ìgboyà, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ di ẹrú ọtí. Ní 1954 ni Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ará abúlé ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé wọn. Ó fi hàn pé ojú rere aládùúgbò jẹ́ apá kan ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ńlá Ilé-Ifẹ̀ àti ti Ìbàdàn kò sì jìnnà sí wa.

Ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò. Ẹ fi í pe ẹni tí ó ń sá fún wa.