Kí Ọwọ́ Rẹ Tó Dé Ara Aláìsàn

Ọmọ mi, nígbà tí o wá kí mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, o bi mí pé ìwé wo ni kí o tún kà kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ajé. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ ti tó. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kọ síhìn-ín jẹ́ ohun tí mo ṣe tì kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

1. Àyẹ̀wò ti bẹ̀rẹ̀ kí aláìsàn tó jókòó. Wo bó ṣe ń rìn wọlé. Ta ló fà á lọ́wọ́? Ẹsẹ̀ wo ló ń wọ́ nílẹ̀? Bí màmá àgbà bá wọlé, tí o kí i dáadáa, tó sì dá ọ lóhùn tòun ti àdúrà gígùn, o ti mọ̀ pé iyè rẹ̀ jí, pé èémí rẹ̀ gbé e, pé ẹnu rẹ̀ kò wọ́. Má fi ìkíni dù ú. Iṣẹ́ ni ò ń ṣe yẹn.

2. Má tú ọ̀rọ̀ aláìsàn sí òyìnbó kí o tó gbọ́ ọ tán ní Yorùbá. Jẹ̀díjẹ̀dí tí ẹnì kan ń wí lè jẹ́ ìdí yíyọ. Ti ẹlòmíì, ìgbẹ́ ọ̀rìn ni. Ti ẹlòmíì, ẹ̀yìn ló ń ro ó. Ẹlòmíì sì wà tí kò kàn fẹ́ sọ fún ọ pé òun kò lè bá ìyàwó òun sùn mọ́. “Àyà mi ń já” lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ ọkàn tó ń lù ségesège. Ibà ńkọ́? Kò sí ohun tí wọn kì í pè ní ibà. Nítorí náà, bi í pé, “Báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ti lò sí i nílé?” Fi ẹ̀rín bi í ní èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Bí o bá bi í bí ọlọ́pàá pé ṣé kò mu agbo, yóò ní rárá, ìgò agbo yóò sì wà nínú báàgì tó gbé lé ẹsẹ̀.

Ní 1975, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn tuntun 80. Lẹ́yìn tí wọ́n ka lẹ́tà tí a fi rán àwọn aláìsàn náà wá, tí wọ́n sì gbọ́ tẹnu aláìsàn, wọ́n ti mọ ohun tó ń ṣe 66. Àyẹ̀wò ara wúlò fún 7, yàrá àyẹ̀wò fún 7 mìíràn. Má fi ìyẹn ṣe àwáwí láti má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni o. Àwọn 7 tí àyẹ̀wò ara wúlò fún yẹn náà ní ẹni tó ń retí wọn nílé.

3. Ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún kejì tí mo gba ìwé ẹ̀rí, bàbá kan tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí wá sọ́dọ̀ mi. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí ló ń yọ òun lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ òun jáde. Ó ti mu agbo, wọ́n sì ti fún un lóògùn níbòmíràn. Mo mọ ohun tó kàn: kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n fi ìka yẹ ìdí bàbá wò. Ṣùgbọ́n agbádá ló wọ̀ wá. Ó ti ń pè mí ní ọmọ òun. Nọ́ọ̀sì dúró, ó ń wò wá. Mo ní tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni kí n ṣe é, mo sì kọ oògùn fún un. Nígbà tí yóò fi padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó ti rù kan egungun. Dókítà mìíràn ló fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Kókó jẹjẹrẹ wà níbẹ̀, ó le bí òkúta, kò sì jìnnà ju ibi tí ìka ń dé lọ. Ojú ló ń tì mí lọ́jọ́ náà, mo wá sọ ìtìjú di ọ̀wọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ìtìjú ló bí stethoscope tí o gbé kọ́ ọrùn. Ní 1816, ní ìlú Paris, René Laennec fẹ́ gbọ́ ọkàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn. Láyé ìgbà yẹn, etí gan-an ni dókítà ń gbé lé àyà aláìsàn, ojú sì ń ti Laennec láti ṣe bẹ́ẹ̀. Kò torí ìyẹn fi ọmọ náà sílẹ̀. Ó ká ìwé róbóróbó, ó gbé orí kan lé e láyà, ó gbé etí lé orí kejì, ó sì gbọ́ ọkàn náà ketekete ju bó ti ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ojú tì í, ó wá ọ̀nà. Ojú tì mí, mo kọ oògùn.

Sọ ọ́ jáde: “Ẹ má bínú sà, àyẹ̀wò yìí kò rọrùn, ṣùgbọ́n bí n kò bá ṣe é, n kò tíì tọ́jú yín.” Fa aṣọ ìkélé. Sọ ìdí tí o fi fẹ́ ṣe é. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, jẹ́ kí obìnrin kan dúró tì yín. Láti ìgbà náà, àwọn àgbà tó kọ̀ fún mi kò pé ìka ọwọ́ kan.

4. Ikùn. Fi ọwọ́ ra ọwọ́ kó gbóná. Bi í níbi tó ń dùn ún, kí o sì fi ibẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Ojú rẹ̀ ni kí o máa wò bí ọwọ́ rẹ ti ń lọ. Ọlọ inú, ìyẹn spleen, lè wú lára ẹni tí ibà ti ń bá jà tipẹ́ títí yóò fi ré ìdodo kọjá sí ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún. Nítorí náà, ìsàlẹ̀ ọ̀tún ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ sí abẹ́ ìhà òsì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè, orí ọlọ náà gan-an ni yóò gbé ọwọ́ lé, kò ní kan etí rẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sí fáìlì pé kò sí nǹkan kan.

5. Nínú ìwé, ara aláìsàn máa ń funfun, ó máa ń pọ́n, ó máa ń di búlúù. Lára tiwa, ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, wo ahọ́n, wo àtẹ́lẹwọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ti ń hàn. Bí o bá ń wá ibà pọ́njú, gbé aláìsàn sún mọ́ fèrèsé, nítorí iná mànàmáná a máa tanni. Ẹyinjú àwọn mìíràn ti ní àwọ̀ ilẹ̀ láti kékeré, abẹ́ ìpéǹpéjú ni kí o wò. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti wọn atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀ náà ní àbùkù tirẹ̀: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé ó máa ń gbójú fo àìtó atẹ́gùn lára aláwọ̀ dúdú ju ti aláwọ̀ funfun lọ. Bí ẹ̀rọ bá ní 94, tí aláìsàn ń mí hẹlẹ, aláìsàn ni kí o gbà gbọ́.

6. Èémí ọmọdé, ìṣẹ́jú kan gbáko ni kí o fi kà á, nígbà tí kò bá sunkún. 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù 2 sí 11, 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọ oṣù 12 sí 59: ó ń yára mí.

7. Kọ́ bí a ti ń fi ìka lu àyà. Ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà ń ṣe irú rẹ̀: á fi ìka kàn án, á gbọ́ bóyá ó ti sán. Ọmọ onílé ọtí ní ìlú Graz ni Leopold Auenbrugger tó kọ ìwé lé e lórí ní 1761. Lu itan ara rẹ: bí àyà tí omi kún ṣe ń dún nìyẹn.

8. Kí o tó kọ ìwé àyẹ̀wò fún ẹnikẹ́ni, kọ ohun tí o rò pé ó ń ṣe é sílẹ̀. Owó ẹni tó ta ewúrẹ́ wá sílé ìwòsàn lè ni ò ń ná. Bí èsì bá sì ní kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀, má tíì dẹ́kun wíwá. Níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ bí tiwa, àgbàlagbà lè máa gbé e kiri láìṣàìsàn, kí nǹkan mìíràn sì máa pa á lọ.

9. Padà lọ wo aláìsàn rẹ nírọ̀lẹ́. Inú rírun tó wà ní ìdodo láàárọ̀ lè ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún kí ilẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ abẹ ló sì kù.

10. Ra aago tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá. Gé èékánná rẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.