ÌWÉ KÍKÀ ÀTI ÌBÁGBÉ ÈNÌÀ NÍ ÌLÚ NLÁ

Ẹ̀kọ́ oṣù yi kò gùn, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á.

Ní ilé tí èmi ngbé ní Òkè-Odò, ìyá àgbà kan gba lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Èdè Yorùbá ni a fi kọ ọ́. Ó pe ọmọ mẹ́rin láti inú yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè kà á já. Ìyá náà ká lẹ́tà rẹ̀, ó fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ọ̀rọ̀ yi dùn mí púpọ̀. Nígbàtí a ka ènìà li ọdún 2006, Alimọ́ṣọ́ li ó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó, a lé ní 1,200,000. Síbẹ̀ ògiri kan ṣoṣo a máa wà lãrin ẹni méjì tí kò mọ orúkọ ara wọn.

Ní Abẹ́òkúta kan náà, ibi tí ọ̀nà wa yi nlọ, ni Àlùfá Henry Townsend ti C.M.S. ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn li ọdún 1859, kí ìwé kíkà ba lè di àṣà àwọn ènìà. Ṣùgbọ́n Èkó ọdún 1929 ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ sí. Isaac Babalọlá Thomas li olóòtú Akéde Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ li ọdún 1928 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Keje ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí npe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá. Arẹwà ni nígbà èwe, ó ti bá ọkùnrin púpọ̀ lò ní Èkó. Nísisìyí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó sì njẹ́wọ́ ìgbésí aiyé rẹ̀. Títí di oṣù Kẹta ọdún 1930 ni àwọn lẹ́tà náà fi njáde. Òǹkàwé púpọ̀ gbàgbọ́ pé obìnrin náà wà láàyè. Nwọ́n kọ̀wé sí olóòtú, nwọ́n ṣàánú rẹ̀, a tilẹ̀ rí ẹni tí ó fi owó ránṣẹ́ sí i. Thomas fúnra rẹ̀ li ó nkọ gbogbo rẹ̀! Li ọdún 1930 náà ó di ìwé, àwọn ọ̀mọ̀wé sì kà á sí ìtàn-àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè wa, ọdún 8 ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà.

Kí li ó mú ènìà gbàgbọ́ bẹ́ẹ̀? Òwe, orin àdúgbò, bí obìnrin ti nṣe ẹ̀fẹ̀ kí ó tó sọkún: ohun tí gbogbo ará Èkó ngbọ́ lójoojúmọ́ ni ó fi kọ ọ́. (Èmi kò ní fi ìwé náà lé ọmọdé lọ́wọ́ láìyàn, apá kan wà níbẹ̀ tí ó tọ́ sí àgbà.) Iṣẹ́ kan náà ni obìnrin ọjà Ilé-Epo nṣe, nígbàtí ó bá nsọ fún oníbàárà bí awakọ̀ dánfó kan ti bá òun jà, tí ó sì nfarawé ohùn rẹ̀.

Nítorínà, ẹ̀nyin olùkọ́, ẹ dán èyí wò. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ lẹ́tà ojú ìwé kan ní Yorùbá, ní ipò ẹlòmíràn: ọlọ́dẹ, ìyá alákàrà, tàbí onílé. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ó jókòó tì í. Kí a ka àwọn lẹ́tà náà sókè láì dárúkọ ẹni tí ó kọ wọ́n, kí àwọn yókù sì wí bí àwọn bá gbà á gbọ́, àti ọ̀rọ̀ wo li ó tú àṣírí. Ẹ má ṣe fi gbogbo àkókò wá àṣìṣe àmì. Àmì yíò dé lẹ́hìn.

Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́rin ilé wa. Ìyá àgbà ni nwọ́n yàn láti kọ̀wé ní ipò rẹ̀. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àbíkẹ́hìn wọn tó lè ka lẹ́tà rẹ̀ fún un tán. Àbúrò rẹ̀ nbéèrè bóyá èlùbọ́ tí òun fi rán awakọ̀ ti dé ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà àti ìyá jọ lọ sí gáréèjì láti wá a.