Ṣé Ọgbà Ló Yẹ Ká Ṣe fún Ilé Ìwòsàn, àbí Bẹ́ẹ̀dì?

ÌBÉÈRÈ
Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn obìnrin àdúgbò wa. A fẹ́ fi owó díẹ̀ ran ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí wa lọ́wọ́. Ilẹ̀ òfìfo kan wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù àwọn aboyún, igbó ti bò ó. Àwọn kan nínú wa ní ká sọ ọ́ di ọgbà tí aláìsàn lè máa gba atẹ́gùn sí, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lókè òkun. Àwọn yòókù ní ìnákúnàá ni, pé ilé ìwòsàn tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò tó, kí ló fẹ́ fi òdòdó ṣe? Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé lóòótọ́ ni ọgbà ń ṣe aláìsàn lóore? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ká gbìn?
Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Òṣogbo

ÌDÁHÙN
Tọ̀tún tòsì yín ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ọgbà ò lè rọ́pò oògùn, kò sì lè ṣiṣẹ́ dókítà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ìwádìí tí àwọn tó ń ṣe ọgbà ilé ìwòsàn sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Roger Ulrich, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1984. Ó yẹ àkọsílẹ̀ aláìsàn 46 wò, àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ àpò òróòro fún ní ilé ìwòsàn kan ní Pennsylvania láàárín 1972 sí 1981. Fèrèsé àwọn 23 kọjú sí igi, ti àwọn 23 yòókù kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń rí igi lo ọjọ́ 7.96 ní ìpíndọ́gba kí wọ́n tó lọ sílé, àwọn tó ń wo ògiri lo 8.70. Oògùn ìrora líle tí àwọn tó ń rí igi lò kò sì tó ti àwọn yòókù. Aláìsàn 46 ò pọ̀ o, ẹ má sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu fún ẹgbẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ó jọ pé wíwo igi láti ojú fèrèsé lásán ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Aláìsàn nìkan kọ́ ló sì ń lo ọgbà. Ẹ wo kọ́rídọ̀ ilé ìwòsàn lọ́sàn-án: ìyá àgbà tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó fi kúlà oúnjẹ ṣe ìrọ̀rí, ọkọ ẹni tó ń rọbí ń lọ, ó ń bọ̀, fóònù létí, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń wá ibi tí yóò fìdí lé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí ẹ bá rà, ẹnì kan ni yóò máa sùn lórí rẹ̀. Ibòji àti bẹ́ǹṣì, gbogbo àwọn wọ̀nyí ni yóò jàǹfààní rẹ̀, nítorí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ sinmi kí òun náà má bàa dùbúlẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé àṣà òkèèrè ni. Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Dípò kí wọ́n ti gbogbo ẹni tó ní àrùn ọpọlọ mọ́ wọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ wọn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn sì ń bá wọn gbé. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ará abúlé ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́ ilẹ̀ àti àwùjọ ènìyàn jẹ́ ara ìtọ́jú náà. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan: ní Singapore lónìí, orí òrùlé ilé ìwòsàn Khoo Teck Puat, tó ṣí ní 2010, ni àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń dáko ẹ̀fọ́.

Kẹ́ ẹ tó ronú lórí òdòdó, ẹ ronú lórí ọ̀nà. Ní Salisbury, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣí ọgbà kan ní 2012 tó ń jẹ́ Horatio's Garden, fún àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn fara pa. Ọ̀nà inú rẹ̀ fẹ̀ débi pé wọ́n lè ti aláìsàn jáde tòun ti bẹ́ẹ̀dì. Ní tiyín, kọnkéré tó tẹ́jú ni kẹ́ ẹ dà, kì í ṣe òkúta wẹ́wẹ́: táyà kẹ̀kẹ́ aláìsàn àti irin tí wọ́n ń gbé dírípù kọ́ kì í yí lórí òkúta. Kí bẹ́ǹṣì ní apá, torí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún gbọ́dọ̀ rí nǹkan fọwọ́ tì kó tó lè dìde. Kó sì wà níbi tí nọ́ọ̀sì lè máa rí i láti wọ́ọ̀dù.

Ní ti ohun gbígbìn, igi ibòji ló ṣáájú. Dongóyárò dára. Máńgòrò náà dára, àmọ́ kó má ṣe sún mọ́ bẹ́ǹṣì, kí èso má bàa máa já lu èèyàn, kí eṣinṣin sì má tẹ̀ lé e. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù mọ ebè tó ga dé orúnkún, kẹ́ ẹ gbin efinrin àti tẹ̀tẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè nawọ́ kàn án. Ẹ má gbin olómi ojò tàbí bòtujẹ̀: májèlé ni, ọmọdé ò sì mọ̀ ọ́n. Òdòdó tó bá ń ta sánsán jù, ẹ má gbìn ín sójú fèrèsé, ó lè máa rin àwọn aláìsàn kan lọ́kàn. Ẹ má gbẹ́ adágún omi, ẹ̀fọn ni yóò máa pa sí i. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má já ewé ibẹ̀ gbo fún aláìsàn láìsọ fún dókítà, torí ewé mìíràn máa ń bá oògùn jà.

Ohun tó sábà ń pa irú ọgbà yìí ni pé wọ́n á ṣí i tìlù tìfọn, wọ́n á ya fọ́tò, ẹ̀ẹ̀rùn á dé, kò ní sẹ́ni tó máa bomi rin ín. Torí náà, ẹ lọ bá mátírọ́ọ̀nù ná, ẹ béèrè ẹ̀rọ omi tó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ẹ pín owó sí méjì: ìdajì fún iṣẹ́ ọgbà, ìdajì fún ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Tí ẹ ò bá rí ẹni yẹn, ẹ ra bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá rí i, ẹ ṣe ọgbà.